Fọ́ọ̀mù tá a fi ń ka àwọn akàndá ẹ̀dá ládùúgbò wa ò ṣiṣẹ́, kí la ó máa bi wọ́n gan-an?

Akọ̀wé Àdúgbò (Ògbómọ̀ṣọ́)

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn wa. Ẹ jọ̀ọ́ ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi dá sí i, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe iṣẹ́ ìkànìyàn rí àti ẹ̀yin akàndá ẹ̀dá tẹ́ ẹ wà níbí. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò wa lápá Ìsàlẹ̀ Afọ̀n. Nígbà tá a ṣèpàdé lóṣù tó kọjá, a sọ pé kánsù máa tó bẹ̀rẹ̀ bọ́jẹ́ẹ̀tì ọdún tó ń bọ̀, ká tètè kọ̀wé sí wọn kí wọ́n rántí àwọn akàndá ẹ̀dá, kí kẹ̀kẹ́ arọ lè rọ́nà wọ ilé ìwòsàn alábọ́dé wa, kí iléèwé ìjọba ní tíṣà tó gbọ́ èdè adití, ká má máa bẹ̀bẹ̀ fún nǹkan tó jẹ́ ẹ̀tọ́ wọn. Ni ìyá kan bá dìde, ó ní mélòó ni wọ́n, ẹ kọ iye wọn sínú lẹ́tà náà. Kò sẹ́ni tó lè dáhùn, àti alága àti èmi.

La bá ṣe fọ́ọ̀mù. Ìbéèrè kan péré la kọ síbẹ̀, "Ṣé aláàbọ̀ ara wà nínú ilé yìí?" A kó o fáwọn ọ̀dọ́, wọ́n ń wọ ojúlé sí ojúlé, ilé tí wọ́n dé wọ́n ní kò sí, ilé kejì kò sí, ilé kẹta kò sí, bẹ́ẹ̀ ilé kan wà níbẹ̀ tí gbogbo àdúgbò mọ̀ pé bàbá ibẹ̀ ò ríran mọ́, ọmọọmọ ẹ̀ ló ń fà á lọ́wọ́ lọ mọ́ṣáláṣí, ìyàwó ẹ̀ ló dáhùn pé aláàbọ̀ ara kẹ̀, kò sí nílé yìí o, àgbà ló dé sí bàbá. Inú tiẹ̀ bí àwọn míì, wọ́n ní ta ló rán yín, ṣé ẹ fẹ́ bú wa ni.

Nígbà tá a kó fọ́ọ̀mù jọ, iye tó jáde kéré débi pé tá a bá gbé e fún kánsù wọ́n á ní ṣé torí àwọn díẹ̀ yìí lẹ ṣe ń yọ wá lẹ́nu. Mo wá fẹ́ bi yín, báwo ni wọ́n ṣe ń béèrè ẹ̀ níbi tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n ṣe? Ṣé iye táwọn ará àdúgbò kà fúnra wọn já mọ́ nǹkan kan lójú ìjọba? Àti pé alága wa fẹ́ ká gba orúkọ, nọ́ńbà fóònù àti fọ́tò kálukú, ó ní nígbà tí ìrẹsì ìrànwọ́ bá dé ká lè tètè rí wọn. Ọkàn mi ò balẹ̀ sí ìyẹn ṣùgbọ́n mi ò mọ bí mo ṣe máa là á yé wọn.

Tíṣà Special (Ọ̀yọ́)

Ẹ kú iṣẹ́ akọ̀wé, Ọlọ́run á tì yín lẹ́yìn. Federal College of Education (Special) níbí ní Ọ̀yọ́ ni mo ti kẹ́kọ̀ọ́, àwọn ọmọ tí ò gbọ́ràn ni mo ń kọ́, nítorí ẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí kàn mí gan-an.

Àwọn ará ilé yẹn ò purọ́ fún yín. Tẹ́ ẹ bá bi èèyàn pé ṣé aláàbọ̀ ara ni, ẹ ti ní kó pe ara ẹ̀ lórúkọ tí ò fẹ́ jẹ́ lójú àlejò, yàtọ̀ sí pé àgbàlagbà tí ojú ẹ̀ ń ṣú kì í ka ara ẹ̀ mọ́ wọn rárá. Ohun tó ṣe yín yìí ló ṣe gbogbo Nàìjíríà. Ìkànìyàn 2006, nínú èèyàn 140,431,790 tí wọ́n kà, 3,253,169 ni wọ́n kọ sílẹ̀ pé ó ní ìpèníjà ara, ìyẹn ò ju bí ìdá 2.3 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ẹ wá wò ó, WHO, àjọ ìlera àgbáyé, sọ ní 2022 pé èèyàn bílíọ̀nù 1.3 ló wà nípò yìí láyé, ẹnìkan nínú mẹ́fà. Òótọ́ ni pé ọmọdé pọ̀ lọ́dọ̀ wa ju arúgbó lọ, ìyẹn á mú kí tiwa dín díẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe báyìí, pẹ̀lú ọ̀kadà tó ń gbá èèyàn lójoojúmọ́ àti polio tó bá wa jà fún ọdún pípẹ́. Ìkànìyàn tí wọ́n ní àwọn máa ṣe ní 2023 náà, wọ́n sún un síwájú, ìdí tí ẹ fi ń rí i pé iye 2006 yẹn làwọn èèyàn ṣì ń gbé kiri nìyẹn.

Ẹ yọ aláàbọ̀ ara kúrò lórí fọ́ọ̀mù yẹn pátápátá, ẹ yọ akàndá náà, káwọn ọ̀dọ́ yín má tiẹ̀ dárúkọ ẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń kí onílé. Nǹkan tí èèyàn lè ṣe àti èyí tó nira fún un ni kẹ́ ẹ béèrè. Ìgbìmọ̀ kan wà tí àjọ UN dá sílẹ̀ ní 2001 torí ọ̀rọ̀ yìí gan-an, Washington Group ni wọ́n ń pè é, ìbéèrè mẹ́fà ni wọ́n fẹnu kò lé lórí. Ní Yorùbá tiwa báyìí ni mo ṣe máa ń kà á: ṣé ó máa ń ṣòro fún yín láti ríran, tẹ́ ẹ bá tiẹ̀ wọ awò ojú? Ṣé ó máa ń ṣòro fún yín láti gbọ́rọ̀, tẹ́ ẹ bá tiẹ̀ lo ẹ̀rọ etí? Ṣé ó máa ń ṣòro láti rìn tàbí láti gun àtẹ̀gùn? Láti rántí nǹkan tàbí láti pọkàn pọ̀? Láti tọ́jú ara yín, bíi kẹ́ ẹ wẹ gbogbo ara tàbí kẹ́ ẹ wọṣọ? Ìkẹfà, lédè tẹ́ ẹ máa ń sọ, ṣé ó máa ń ṣòro láti gbọ́ ohun téèyàn ń sọ yé tàbí káwọn èèyàn gbọ́ tiyín yé? Lẹ́yìn ìkọ̀ọ̀kan ẹ ó ka ìdáhùn mẹ́rin sí wọn létí: rárá kò ṣòro, ó ṣòro díẹ̀, ó ṣòro gan-an, mi ò lè ṣe é rárá. Ẹni tó bá mú "ó ṣòro gan-an" tàbí "mi ò lè ṣe é rárá", ì báà jẹ́ nínú ẹyọ kan ṣoṣo, òun lẹ máa kà. Bàbá tẹ́ ẹ sọ yẹn, ìyàwó ẹ̀ fúnra ẹ̀ ló máa sọ fún yín pé háà, kò ríran rárá, kò ní gbà á sí èébú.

Ìwádìí ìlera NDHS tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà ní 2018 lo irú ìbéèrè báyìí fáwọn tó ti pé ọdún 5 sókè. Ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní ìṣòro díẹ̀ níbì kan ó kéré tán, àwọn tó ní ó ṣòro gan-an tàbí àwọn ò lè ṣe é rárá wá jẹ́ ìdá 1. Ẹ rí i pé ibi tẹ́ ẹ bá fa ìlà sí ló máa pinnu iye tó máa jáde, ẹ kọ ìlà náà sínú lẹ́tà yín gbangba, kí ẹnikẹ́ni má bàa mú 1 kó fi bo 7 mọ́lẹ̀. Nínú irú ìwádìí ńlá bẹ́ẹ̀ ẹnìkan ló máa ń dáhùn fún gbogbo ará ilé, tí baálé ilé ò bá ka ohun tó ń ṣe ìyá ẹ̀ sí ìṣòro, ìyá ti bọ́ sílẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ládùúgbò kan náà lè padà lọ lálẹ́ nígbà tí kálukú bá ti dé, kí oníkálukú dáhùn fúnra ẹ̀.

Ìbéèrè mẹ́fà yìí ò ká gbogbo ẹ̀ o. Ẹni tí ìbànújẹ́ tàbí àyà jíjá dè mọ́lé tí ò lè jáde lè dáhùn "rárá" sí gbogbo mẹ́fà. Àfín náà, ọ̀rọ̀ ojú lè mú un wọlé, ṣùgbọ́n oòrùn tó ń jẹ awọ ara ẹ̀ àti ojú táwọn èèyàn fi ń wò ó ò sí níbẹ̀. Ẹ fi ìbéèrè tiwọn kún un nísàlẹ̀, lọ́tọ̀, kí mẹ́fà yẹn dúró bó ṣe wà torí òun lẹ máa fi wé ti ibòmíì. Kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ ní Yorùbá kalẹ̀ kí gbogbo yín máa kà á bákan náà. Tí ọ̀dọ́ kan bá ń béèrè pé "ṣé ó ṣòro fún yín láti ríran", tí èkejì ń sọ pé "ojú yín dáa ṣá?", ìdáhùn tí wọ́n máa mú bọ̀ ò lè ṣeé rò pọ̀.

Aránṣọ Akẹ̀sán (Ọ̀yọ́)

Tíṣà ẹ ṣeun, mo kà á mo sì gbà á. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí èmi tí wọ́n fẹ́ kà náà sọ tẹnu mi. Polio ló mú mi ní kékeré, kẹ̀kẹ́ ni mo fi ń rìn, iṣẹ́ aránṣọ ni mò ń ṣe lẹ́bàá ọjà Akẹ̀sán. Wọ́n ti kọ orúkọ mi sílẹ̀ láìmọye ìgbà. Ẹgbẹ́ kan á dé, olóṣèlú kan á dé, wọ́n á bi mí pé ẹsẹ̀ wo ló ń dùn mí, wọ́n á ya fọ́tò mi, wọ́n á lọ. Kò sẹ́ni tó padà wá sọ fún mi rí pé a ti kà yín tán, ẹ pọ̀ tó báyìí, ohun tá a fi iye yín gbà lọ́wọ́ ìjọba nìyí. Kò sì sẹ́ni tó bi mí rí pé ibo lo fẹ́ wọ̀ tó ò rọ́nà wọ̀.

Àtẹ̀gùn ló dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà báǹkì, ẹ ka àtẹ̀gùn. Akọ̀wé, ẹ ṣe ìwé kejì, ẹ kọ gbogbo ibi tí ará àdúgbò ń lò sí i, ilé ìwòsàn alábọ́dé, iléèwé pámárì, ibùdó ìdìbò, ọ́fíìsì kánsù fúnra ẹ̀, mọ́ṣáláṣí, ṣọ́ọ̀ṣì, ọjà, ibi tí wọ́n ti ń pọn omi. Àtẹ̀gùn mélòó ló wà lẹ́nu ọ̀nà, ṣé ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan wà tí kẹ̀kẹ́ lè gbà gòkè, ilẹ̀kùn ẹ̀ fẹ̀ tó báwo, ṣé èèyàn lè yí kẹ̀kẹ́ wọ ilé ìyàgbẹ́ kó sì rílẹ̀kùn tì. Téèpù tí mo fi ń wọn aṣọ ti tó fún iṣẹ́ yẹn. Obìnrin tí ò gbọ́ràn tó lóyún, nígbà tó bá lọ fún àyẹ̀wò, ta ló máa bá a sọ̀rọ̀, àbí ìyá ọkọ ẹ̀ ló máa tẹ̀ lé e wọlé tí á máa gbọ́ gbogbo àṣírí ẹ̀? Ẹ béèrè ìyẹn lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì. Kò sí ìkankan nínú ẹ̀ tó gba pé kẹ́nikẹ́ni tú àṣírí ara ẹ̀ fún yín, kánsù ò sì lè sọ pé àwọn díẹ̀ ni, torí ilé tiwọn ni, àtẹ̀gùn wọn ni.

Ẹ wo ti INEC, wọ́n ní fọ́ọ̀mù kan tí wọ́n ń pè ní EC40H tí wọ́n fi ń kọ iye akàndá ẹ̀dá tó wá dìbò ní ibùdó kọ̀ọ̀kan. Inú mi dùn pé ó wà, ó sàn ju kó má sí lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó dé ibẹ̀ ló ń kà. Ẹni tí ò rí ọkọ̀ gbé e, tí wọ́n ní kó jókòó sílé, tí ìlà gùn tí ẹsẹ̀ ò gbé e dúró tó yáa padà sílé, kò sí lórí ìwé yẹn. Gbogbo ibi tẹ́ ẹ bá ti ń ka ẹni tó dé, ẹ máa ronú nípa ẹni tí ò lè dé.

Ẹ má sì lọ láìmú wa dání. Àdéhùn UN tí wọ́n ń sọ lórí ọ̀rọ̀ wa kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí ìjọba máa fikùn lukùn pẹ̀lú wa lórí ohun tó bá kàn wá. Kí ẹni tí ò ríran wà nínú àwọn tó máa jókòó ṣe fọ́ọ̀mù yẹn, kí ẹni tí ò gbọ́ràn wà lára àwọn tó máa wọlé tọ àwọn tí ò gbọ́ràn. Obìnrin ni kí wọ́n rán sí obìnrin, kí wọ́n bá a sọ̀rọ̀ lóun nìkan, torí nǹkan tí ọkọ tàbí ẹ̀gbọ́n ọkọ ń fi ojú akàndá obìnrin rí nínú ilé, kò ní sọ ọ́ lójú wọn.

Lọ́yà Ọmọ Àtìbà

Ìbéèrè kejì tí akọ̀wé bi ni mo fẹ́ mú. Iye táwọn ará àdúgbò kà já mọ́ nǹkan, tẹ́ ẹ bá so ó mọ́ ohun tí ìjọba ti fọwọ́ sí. Nàìjíríà fìdí àdéhùn àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ àwọn akàndá ẹ̀dá múlẹ̀ ní 2010, CRPD ni wọ́n ń pè é, 2006 ni àjọ UN ṣe é. Abala 31 ibẹ̀ sọ ọ́ ní tààrà pé ìjọba gbọ́dọ̀ máa kó détà jọ, kó fi ṣètò, kó fi wá àwọn ìdènà tó ń bẹ níwájú àwọn akàndá rí, kó dáàbò bo àṣírí wọn, kó sì rí i pé iye tó jáde tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́. Ẹ rí i pé ohun tí Aránṣọ sọ nípa àtẹ̀gùn wà nínú àdéhùn. Abala 33 ní káwọn akàndá àti ẹgbẹ́ wọn kópa kíkún nínú mímójútó bí ìjọba ṣe ń ṣe é. Ìjọba gbọ́dọ̀ máa jábọ̀ fún ìgbìmọ̀ UN lọ́dún mẹ́rin mẹ́rin, ẹgbẹ́ aráàlú náà lè fi ìròyìn tiwọn ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀ kan náà, àwọn ẹgbẹ́ ńlá tó ń kọ irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ sì máa ń wá irú ohun tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe yìí, torí Àbújá ni ọ̀pọ̀ wọn wà, wọn ò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Afọ̀n.

Òfin tiwa nílé náà wà, òfin tó ka ìyàsọ́tọ̀ àwọn akàndá ẹ̀dá léèwọ̀, òfin 2018 ni, oṣù kìíní 2019 ni Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí i. Ó fún àwọn ilé táráàlú ń lò ní ọdún márùn-ún láti tún ara wọn ṣe kí akàndá lè wọ̀ ọ́. Ọdún márùn-ún náà pé ní oṣù kìíní 2024. Ó ní kí akàndá ẹ̀dá jẹ́ ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún òṣìṣẹ́ ó kéré tán níbi iṣẹ́ ìjọba, bó bá ti lè ṣeé ṣe tó. Ó dá kọmíṣọ̀n kan sílẹ̀, 2020 ni kọmíṣọ̀n náà bẹ̀rẹ̀. Nítorí ẹ̀ lẹ́tà yín ò ní jẹ́ pé ẹ jọ̀ọ́ ẹ ṣàánú wọn. Ẹ máa kọ ọ́ pé ohun tí òfin ní kẹ́ ẹ ṣe nìyí, ibi tá a bá a dé nìyí, ìwé ìwọ̀n wa rèé.

Nígbà tá a bá ń mójú tó ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, nǹkan mẹ́ta la máa ń wò: àkọ́kọ́, bóyá òfin àti ètò wà lórí ìwé, ìkejì, ohun tí ìjọba ṣe láti mú un ṣẹ, owó tó ná, tíṣà tó gbà, ilé tó tún ṣe, ìkẹta, ohun tó yí padà láyé èèyàn. Ọ̀pọ̀ ìjọba máa ń fi àkọ́kọ́ fọ́nnu, ẹ̀yin ẹ mú ìkẹta dání. Ìdí nìyẹn tí mo fi fara mọ́ Tíṣà pé gbogbo ará ilé ni kẹ́ ẹ bi. Tẹ́ ẹ bá sọ fún kánsù pé akàndá ọmọ báyìí ò lọ iléèwé, wọ́n á ní ọmọ tí ò lọ iléèwé pọ̀ lágbègbè yín tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ti bi gbogbo ọmọ, tẹ́ ẹ fi ìbéèrè mẹ́fà yẹn pín wọn sí ọ̀nà méjì, tẹ́ ẹ wá rí i pé láàárín àwọn tí kò ní ìṣòro ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn ló ń lọ, láàárín àwọn akàndá ìdajì wà nílé, ìyàtọ̀ yẹn lẹ máa gbé lọ, kò sí àwáwí tó lè bò ó. Bákan náà ni iṣẹ́, bákan náà ni ìgbà tára èèyàn ò yá bóyá ó rí ìtọ́jú, ẹ kọ ọjọ́ orí àtọkùnrin àtobìnrin sí i torí ipò akàndá obìnrin ò rí bíi ti ọkùnrin. Ìyókù ẹ kọ̀wé sí kánsù pẹ̀lú òfin FOI 2011, òfin tó fún aráàlú lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ìsọfúnni lọ́wọ́ ìjọba, ẹ béèrè iye akàndá tó wà lẹ́nu iṣẹ́ wọn àti owó tí wọ́n yà sọ́tọ̀ lọ́dún tó kọjá, ọjọ́ méje ni òfin fún wọn láti fèsì.

Kí ẹ má sì kọ ọ́ pé bó ṣe rí ní gbogbo Ògbómọ̀ṣọ́ nìyẹn o. Àdúgbò tẹ́ ẹ kà ni kẹ́ ẹ sọ̀rọ̀ lé lórí, ẹnikẹ́ni ò ní rí ihò tó máa gbà fọ́ ọ.

Ọmọ Ṣọ̀ún

Gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ dáa ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n ní tòótọ́ alága ò fi gbogbo ara jẹ̀bi. Ebi ń pa àwọn èèyàn yìí. Àwọn tó ń gba détà ló máa ń jàǹfààní ẹ̀, wọ́n á fi kọ ìwé, wọ́n á fi gbowó, ẹni tí wọ́n bi léèrè ò ní rí nǹkan kan. Tí orúkọ ò bá sí, ìrànwọ́ dé, àwọn ìbátan alága ló máa kó o lọ, wọ́n á ní àwọn náà ń tiro. Orúkọ tó wà nílẹ̀ ló máa jẹ́ ká lè dìde pé lágbájá wà nínú ìwé, kí ló dé tí ò rí tiẹ̀ gbà?

Lọ́yà Ọmọ Àtìbà

@Ọmọ Ṣọ̀ún, òótọ́ lo sọ, mi ò sì ní fojú di ebi. Ẹni tó bá fẹ́ ìrànwọ́ yẹ kó wà lákọsílẹ̀. Ohun tí mi ò fẹ́ ni pé kí orúkọ, fọ́tò àti àìsàn èèyàn jọ wà lórí ìwé kan náà tí alága ń gbé kiri, tẹ́nìkan á tún yà sórí WhatsApp àdúgbò. Wọ́n ti fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ ṣèkà rí. Ní Jámánì ní 1939, ìjọba Hitler fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ sáwọn ilé ìtọ́jú kí wọ́n kọ orúkọ àti àìsàn àwọn tó wà níbẹ̀, fọ́ọ̀mù yẹn ni wọ́n fi yan àwọn tí wọ́n máa pa, láàárín 1940 sí 1941 ó lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà 70 tí wọ́n fi gáàsì pa. A ò ní rí irú ẹ̀ lágbára Ọlọ́run, ṣùgbọ́n níbí náà onílé lè lé obìnrin jáde tó bá gbọ́ pé àrùn ọpọlọ ń ṣe é, ẹbí àfẹ́sọ́nà lè tú ìgbéyàwó ká torí ohun tí wọ́n gbọ́ nípa àbúrò ìyàwó.

Òfin ìdáàbòbò détà tí wọ́n ṣe ní 2023 náà ka ọ̀rọ̀ ìlera èèyàn sí ohun ẹlẹgẹ́, kò yẹ kẹ́ ẹ gbà á láìjẹ́ pé ẹni náà mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ fi ṣe tó sì gbà. Nítorí ẹ̀, ìwé méjì. Ìwé tó ní ìdáhùn, nọ́ńbà lẹ máa kọ sórí ẹ̀, kò sí orúkọ níbẹ̀, òun lẹ máa rò pọ̀ tẹ́ ẹ máa fi kọ̀wé sí kánsù. Ìwé kejì, ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n wá òun rí tí ìrànwọ́ bá dé á kọ orúkọ síbẹ̀, ẹni tí ò fẹ́ ò ní kọ ọ́, kì í sì í ṣe pé kí wọ́n kọ àìsàn ẹ̀ sí i. Kí ìwé méjèèjì má sùn sílé ẹnìkan náà. Kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí akàndá kan wà lára àwọn tó ń tọ́jú ìwé orúkọ, òun ló máa kọ́kọ́ pariwo tí ìbátan alága bá yọjú.

Ọmọ Ṣọ̀ún

Ìyẹn yé mi, mo fara mọ́ ìwé méjì. Kí wọ́n ṣáà máà gbàgbé ìwé kejì yẹn.

Akọ̀wé Àdúgbò (Ògbómọ̀ṣọ́)

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Mo ti tẹ gbogbo ẹ̀ sórí ìwé, mo kà á fún alága lálẹ́ àná, ó gbà pé ká yọ fọ́tò kúrò, ó ṣì ń ronú lórí ti ìwé méjì. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé ló kù tó ń dà mí láàmú. Ilé kan wà tí wọ́n ní ọmọ kan wà nínú yàrá ẹ̀yìn, àwọn aládùúgbò ń gbọ́ ohùn ẹ̀, kò sẹ́ni tó rí i rí, ìyá ẹ̀ ní ọmọ méjì lòun bí. Irú ìyẹn ńkọ́?

Tíṣà Special (Ọ̀yọ́)

Irú wọn pọ̀ ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ, akọ̀wé. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó wá sọ́dọ̀ wa, wọ́n ti tó ọdún mẹ́sàn-án mẹ́wàá kí wọ́n tó jáde nílé. Ìyá ọmọ yẹn kì í ṣe ọ̀tá yín, ohun tí wọ́n ti sọ sí i nínú ìdílé ọkọ ló ń bò mọ́lẹ̀.

Fún ọmọdé ìbéèrè mẹ́fà yẹn ò tó, ọmọ tí ò tíì pé ọdún márùn-ún, kò tiẹ̀ yẹ kẹ́ ẹ fi wọ̀n ọ́n rárá. UNICEF àti Washington Group ṣe tàwọn ọmọ lọ́tọ̀, ọ̀kan wà fún ọmọ ọdún 2 sí 4, ọ̀kan wà fún 5 sí 17, ìyá tàbí ẹni tó ń tọ́jú ọmọ ni wọ́n ń bi. Wọ́n máa ń sọ pé tẹ́ ẹ bá fi wé àwọn ọmọ tí wọ́n jọ jẹ́ ẹgbẹ́, ṣé ó ṣòro fún un láti rìn, láti kọ́ nǹkan, láti bá àwọn ọmọ ṣeré, láti sọ ohun tó fẹ́, fún àwọn tó ti dàgbà díẹ̀ wọ́n tún ń béèrè bóyá àyà ẹ̀ máa ń já tàbí inú ẹ̀ máa ń bà jẹ́ lemọ́lemọ́. Ìyá mọ ẹgbẹ́ ọmọ ẹ̀, ó mọ ọmọ tí wọ́n jọ bí lọ́sẹ̀ kan náà ní ọsibítù, á dáhùn láìsí pé ẹ dárúkọ àìsàn kankan. Kí ìyá tó ti bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ló wọlé tọ̀ ọ́, kó máà gbé bébà dání lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kó kàn lọ kí i.

Kẹ́ ẹ tó rán ẹnikẹ́ni jáde, ẹ mọ ohun tẹ́ ẹ máa ṣe tẹ́ ẹ bá bá ọmọ tí wọ́n dè mọ́lẹ̀ tàbí tébi ń pa. Ẹ gba nọ́ńbà àwọn welfare tó wà ní kánsù, ẹ mọ iléèwé tó máa gbà á àti ọsibítù tó máa yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀dọ́ tó bá bá irú ẹ̀ pàdé kó sọ fún yín lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ má dúró de ìgbà tẹ́ ẹ máa ro iye pọ̀. Lójú tèmi kò dáa kéèyàn wọlé kọ ọmọ sílẹ̀ kó tún pa ilẹ̀kùn dé.

Akọ̀wé Àdúgbò (Ògbómọ̀ṣọ́)

Mo gbọ́ mà. Ìyá kan wà nínú ẹgbẹ́ wa tó ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀, màá bẹ̀ ẹ́ kó lọ kí i. Lọ́jọ́ Sátidé a máa kọ́kọ́ dán ìbéèrè náà wò nílé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ká tó wọ ìta, ká lè mọ èyí tí ò yé èèyàn. Aránṣọ, a ti rí ọkùnrin kan tó ń lo kẹ̀kẹ́ àti ìyá kan tí ò ríran tí wọ́n máa bá wa jókòó, ọkùnrin náà ló máa ṣáájú àwọn tó ń lọ wọn ilẹ̀kùn. Ẹni tó gbọ́ èdè adití la ò tíì rí. Tẹ́nikẹ́ni bá wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ tó lè yọ̀ǹda Sátidé fún wa, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi ìwé ránṣẹ́ sí mi.

Aránṣọ Akẹ̀sán (Ọ̀yọ́)

Mo mọ obìnrin kan tí ò gbọ́ràn, ọ̀rẹ́ mi ni, Ògbómọ̀ṣọ́ ló wà, ó sì ń ka Yorùbá dáadáa. Màá bi í lónìí bóyá ó fẹ́, tó bá gbà màá so yín pọ̀. Ẹ san owó ọkọ̀ ẹ̀ àti owó iṣẹ́ ẹ̀ o, iye tẹ́ ẹ bá fún àwọn ọ̀dọ́ tó kù ni kẹ́ ẹ fún un. Tẹ́ ẹ bá sì ti ro iye náà pọ̀ tán, kẹ́ ẹ pe àwọn tẹ́ ẹ kà wá gbọ́ ọ ná kí lẹ́tà tó dé kánsù, níbi tí kẹ̀kẹ́ lè wọ̀.